Ọkọ̀ Tí Ń Rì Lóru



Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa tọ̀ mí wá ní ilé Fadá lẹ́yìn Misa òwúrọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fura: kì í ṣe ibi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ yìí, nítorí pé ohun tí àlùfáà bá gbọ́ níbẹ̀, òun àti ohun náà ni yóò jọ wọ ibojì. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a jókòó sí, lórí àga. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ nígbà tí ó fẹ́ máa lọ pé, "Fadá, bí ẹ bá rí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ará, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi." N kò ní dárúkọ rẹ̀. N kò sì ní dárúkọ irú ọkọ̀ tí ó ní, kí àwọn mìíràn tí ó ní irú rẹ̀ má bàa máa wo ara wọn lójú nígbà tí wọ́n bá ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí nǹkan ṣì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ra jíìpù olówó ńlá kan. Tòkunbọ̀ ni, àwọn ènìyàn ti gùn ún nílẹ̀ òkèèrè fún bí ọdún mẹ́wàá kí ó tó gba orí omi dé Èkó. Mo rántí ọjọ́ tí ó gbé e wá kí a wọ́n omi mímọ́ sí i. Mo jókòó nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a sì yí àdúgbò ká. Ará, ẹni tí ó bá jókòó nínú ọkọ̀ náà kò ní mọ̀ pé kòtò wà lójú ọ̀nà wa. Nísinsìnyí ó fẹ́ tà á. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó gbẹ̀yìn wà ní ọdún kẹrin ní yunifásítì, owó ìfẹ̀yìntì kò sì tó owó ilé-ìwé. Ìbéèrè tí ó gbé wá kò gùn: "Fadá, ọkọ̀ yìí ní àrùn kan. Ṣé dandan ni kí n sọ ọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á?"

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ irú àrùn tí ó jẹ́, nítorí pé ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lè ṣe ìdájọ́ òdodo lórí rẹ̀. Èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n. Mo lọ bá mẹkáníìkì tí ń tún ọkọ̀ ìjọ wa ṣe, ó sì fi sùúrù là mí lọ́yẹ̀.

Ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọ̀, orí sípírínì onírin ni ó dúró lé. Irin náà ń tẹ̀, ó sì ń padà sí ipò rẹ̀. Bí ó bá gbó, yóò máa ké, yóò máa ta ènìyàn sókè sódò, ṣùgbọ́n kò ní sùn sílẹ̀ lóru. Ti àwọn jíìpù olówó ńlá kan yàtọ̀ sí èyí. Àwọn tí ó ṣe wọ́n yọ irin kúrò, wọ́n sì fi àpò rọ́bà mẹ́rin rọ́pò rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ ni ó kún inú àpò wọ̀nyí. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ń lo iná mànàmáná, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú wọn. Àwọn fáàfù ń pín in, wọ́n sì ń sé e mọ́. Àwọn ohun èlò mìíràn sì wà ní ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ń wọn bí ọkọ̀ ti ga tó, tí wọ́n sì ń ròyìn rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, bí a tilẹ̀ di ẹrù wúwo sẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ yóò dúró ní ọgbọọgba. Bí ọ̀nà bá sì burú, ẹni tí ń wà á lè tẹ bọ́tìnnì kan kí ó lè ga sókè sí i.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe ti àná. Ní 1957 ni Cadillac Eldorado Brougham jáde ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú irú àpò afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, àpò náà sì yọ àwọn tí ó ra ọkọ̀ náà lẹ́nu títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi dá sípírínì onírin padà sí ipò rẹ̀. Ní 1992 ni Range Rover gbé e wá sórí jíìpù, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Nígbà tí ọkọ̀ bá jẹ́ tuntun, ìtura ńlá ni. Ṣùgbọ́n rọ́bà kì í ṣe irin. Ooru, eruku, ẹrẹ̀ àti ọjọ́ orí a máa mú un gbẹ, yóò sì là ní ibi tí ó ti máa ń ṣẹ́po, gẹ́gẹ́ bí táyà kẹ̀kẹ́ tí a gbàgbé sí ẹ̀yìnkùlé. Ojú lílà náà lè tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí ojú lásán kò ní rí i. Bí fọkanáísà ti máa ń ri tíúbù bọ inú omi kí ó lè rí ibi tí ó ti ń hó, bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì ṣe máa ń wọ́n omi ọṣẹ sára àpò yìí. Ibi tí ó bá ti hó fìn-ín-fìn-ín, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde.

Ohun tí ó ṣe ọkọ̀ ọmọ ìjọ wa nìyẹn. Lálẹ́, a ó gbé e síwájú ilé ní ìdúró ọlọ́lá. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti rì sílẹ̀, ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ni ó sì máa ń kọ́kọ́ lọ, bí ẹranko tí ọfà bà ní itan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ta ẹ́ńjìnnì jí, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ọkọ̀ yóò sì dìde dúró bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Gbogbo ọjọ́ tí a bá fi ń wà á, kò ní rì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà kò sinmi mọ́. Ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí a ní kí ó máa pọn omi sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu. Yóò gbóná, yóò gbó, yóò sì jóná nígbẹ̀yìn. Àpò kan ṣoṣo tí a ìbá ti pààrọ̀ yóò wá di àpò àti ẹ̀rọ, owó rẹ̀ yóò sì di ìlọ́po. Ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kú, ọkọ̀ kò ní dìde mọ́, iná ìkìlọ̀ yóò tàn níwájú awakọ̀, gbogbo kòtò ni yóò sì máa lu ọkọ̀ náà bí ìgbà tí a ń fi odó gúnyán. Bí àpò bá sì bẹ́ lójijì lórí eré, ọkọ̀ yóò rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn mọ ohun tí èyí lè túmọ̀ sí nígbà tí tírélà bá wà lẹ́yìn ẹni.

Ẹ wá gbọ́ ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn gba ọkùnrin yìí. Alágbàtà ọkọ̀ sọ fún un pé kí ó má ṣe pe olùrà wá ní òwúrọ̀. Ọ̀sán ni kí ó pè é, kí ó sì ta ẹ́ńjìnnì jí ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Rìwáyà kan sọ pé bí iná ìkìlọ̀ bá ń dà á láàmú, òun lè pa á, kò ní tàn mọ́. Ẹlòmíràn sọ pé kí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ibi tí ó là náà, yóò gbé e fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan náà sì tó láti gba owó. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó purọ́ nínú wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n tilẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé kí ó má purọ́: bí olùrà bá bèèrè, kí ó sọ òtítọ́, bí kò bá bèèrè, kí ó dákẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, tí ó sì ti ṣòro. Ǹjẹ́ ìdákẹ́ lè jẹ́ irọ́?

Ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé. Ní ọdún mẹ́rìnlélógójì kí a tó bí Olúwa wa, Cicero ará Róòmù kọ ìwé kan sí ọmọ rẹ̀ nípa ojúṣe ènìyàn. Kì í ṣe Kristẹni, nítorí pé Kristi kò tíì wá sáyé, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi àwọn kèfèrí sílẹ̀ láìsí ẹ̀rí-ọkàn. Ó sọ ìtàn ọlọ́jà kan tí ó kó ọkà láti Alẹkisáńdíríà lọ sí erékùṣù Rhodes nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀. Ọlọ́jà yìí mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ ọlọ́kà mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó sọ ọ́, kí ọkà rẹ̀ má bàa wọ́n mọ́, tàbí kí ó dákẹ́, kí ó sì tà á ní gọbọi? Ọ̀mọ̀ràn kan tí ń jẹ́ Diogenes ní kí ó sáà ti sọ àwọn àbùkù tí òfin ìlú ní kí olùtà sọ, kí ó má sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, Antipater, ní rárá, gbogbo ohun tí olùtà mọ̀ ni olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀. Nígbà tí mo wà ní sẹ́mínárì, a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí agogo fi lù fún oúnjẹ, ẹ̀yìn Antipater ni mo sì wà. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rí i pé Tọ́máàsì Mímọ́ ti Akuínò, ẹni tí ó kú ní 1274, tí Ìjọ sì ń fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ tọ́ àwọn àlùfáà, kò gbé gbogbo ẹrù náà lé ọlọ́jà lórí. Ó ní ọlọ́jà ọkà tí ó tà ní iye tí ó bá lọ́jà kò rú òfin òdodo bí kò bá sọ ohun tí ń bọ̀ lọ́la, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà rẹ̀ ìbá pé jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá sọ ọ́. Títí di òní, apá kan ọkàn mi ṣì ń bá a jiyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọkà tí ọlọ́jà yẹn ń tà dára. Bí ohun tí a ń tà fúnra rẹ̀ bá ní àrùn tí kò hàn, ohùn Tọ́máàsì Mímọ́ yí padà, ó sì le. Ó mú àpẹẹrẹ wá nípa ẹṣin arọ tí a tà fún ẹni tí ń wá ẹṣin tí ó lè sáré, àti ilé tí ó fẹ́ wó tí a tà bí ilé tí ó dúró ṣinṣin, àti oúnjẹ tí ó ti bàjẹ́ tí a tà bí èyí tí ó dára. Ó ní bí àbùkù tí ó fara pamọ́ bá lè fa àdánù tàbí ewu fún olùrà, tí olùtà sì mọ̀ ọ́n tí kò sọ, ọjà náà kò tọ́, ẹ̀tàn ni, olùtà sì jẹ gbèsè: ó gbọ́dọ̀ san ohun tí olùrà pàdánù. Jíìpù tí ń rì lóru kò ha jẹ́ ọmọ ìyá ẹṣin arọ yẹn bí?

Tọ́máàsì Mímọ́ kò sì di ẹrù tí ó wúwo ju òdodo lọ lé olùtà lórí. Bí àbùkù bá hàn sójú, bí ẹṣin olójú kan, tí owó sì ti wálẹ̀ bí ó ti yẹ, kò di dandan kí olùtà máa tọ́ka sí i. Àga ọkọ̀ tí ó ti fàya, ọ̀dà tí ó ti ṣí, táyà tí ó ti jẹ, ojú olùrà ni yóò rí i. Kò tilẹ̀ ní kí olùtà gbé agogo jáde kí ó máa ké káàkiri ọjà pé, "Ẹ wá ra ọkọ̀ tí ó ń jò!", nítorí pé gbogbo ènìyàn yóò sá kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà lè wúlò fún wọn. Ó ní kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí ó bá wá rà á, òun nìkan, kí ẹni náà lè gbé ire rẹ̀ àti ibi rẹ̀ lórí ìwọ̀n.

Mo ka èyí fún ọmọ ìjọ wa, ó sì gbé orí sókè. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Fadá, èmi kò pa nǹkan kan mọ́. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, kí ó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ wá." Àwíjàre tí ó lágbára ni. Ó pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa nínú òfin òwò wọn pé kí olùrà ṣọ́ ara rẹ̀, àwa náà sì ní kí a má ra ológbò nínú àpò. Bí ọkọ̀ náà bá wà ní bí ó ti wà gan-an, tí ó rì sílẹ̀ nígbà tí olùrà dé, ǹ bá bá a gbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbàtà ní kí ó ta ẹ́ńjìnnì jí ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú!

Ìtàn mìíràn tún wà nínú ìwé Cicero yẹn tí ó bá èyí mu bí ọ̀bẹ ti í bá àkọ̀ rẹ̀ mu. Ọlọ́lá ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Canius lọ sí ìlú Syracuse láti sinmi, ó sì ń wí káàkiri pé òun ń wá ọgbà kékeré kan rà. Pythius, ẹni tí ń ṣòwò owó ní ìlú náà, gbọ́. Ó ní òun kò ta ọgbà tòun, ṣùgbọ́n kí Canius wá bá òun jẹun níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni ó ránṣẹ́ pe àwọn apẹja, ó ní kí wọ́n wá pẹja níwájú ọgbà òun ní ọjọ́ náà. Nígbà tí Canius dé, ọkọ̀ apẹja kún ojú omi, olúkúlùkù ń kó ẹja wá sí ẹsẹ̀ Pythius. Ojú rẹ̀ wọ ọgbà náà, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tà á fún òun, iye tí Pythius bá pè ni ó sì san. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Kò sí ọkọ̀ kan lójú omi. Ó bi aládùúgbò léèrè bóyá àwọn apẹja ń ṣe ọdún ni. Aládùúgbò ní, "Ọdún kẹ̀? Ẹnikẹ́ni kì í pẹja níhìn-ín. Ẹnu ni ó ń yà mí sí ohun tí mo rí lánàá."

Pythius fẹnu sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn apẹja rẹ̀ ti tan ará Róòmù náà kí ó tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ sínú ọkọ̀ kí olùrà tó dé ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́ tí ó sì jẹ́ kí nǹkan wà bí ó ti wà, a lè jiyàn lórí ìdákẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ojú nǹkan ṣe kí ẹlòmíràn lè gba èké gbọ́, kò dákẹ́ rárá; ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi purọ́. Ẹni tí ó pa iná ìkìlọ̀ tún burú ju èyí lọ, nítorí pé iná náà nìkan ni ẹlẹ́rìí òtítọ́ tí ó kù nínú ọkọ̀ náà, ó sì di í lẹ́nu. Àwọn tí ń fi èyí ṣe iṣẹ́ jẹ nínú ìjọ yìí, kí wọ́n wá bá mi kí Lẹ́ńtì tó dé.

Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí mo rò pé òun ni ó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Fadá, kò sí ẹni tí ó sọ fún èmi náà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo rà á tí ó fi kọ́kọ́ rì. Mo ra àpò kan ní Ládípọ̀, Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n pè é. Ọdún kan ó lé díẹ̀ ni ó lò. Mo tún ra òmíràn. Owó tí mo ti ná lórí ọkọ̀ yìí, èmi àti Ọlọ́run ni a mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó tà á fún mi ń jẹ, ó ń mu. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé orí mi ni òtítọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀?"

Ará, n kò lè tètè dá a lóhùn, nítorí pé òtítọ́ wà nínú ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Ẹ wo bí ọkọ̀ náà ti rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín nílẹ̀ òkèèrè gbọ́ iye tí àtúnṣe yóò jẹ, tí ó sì tà á kíákíá. Ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tì í sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó gbà á ní èbúté fọ̀ ọ́, ó fi òróró pa á, ó gbé e síta. Olúkúlùkù mọ díẹ̀, olúkúlùkù dákẹ́ díẹ̀, ìdákẹ́ gbogbo wọn sì wá kó jọ sórí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nǹkan àlòkù tí ń wọ ilẹ̀ wa nìyẹn.

Ìbéèrè ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Bí ẹnì kan bá fi ayédèrú owó ẹgbẹ̀rún náírà san gbèsè fún yín, tí ẹ kò mọ̀ títí ẹ fi délé, ǹjẹ́ ẹ lè ná an fún ìyá aláta lọ́la?" Ó ní rárá. Mo ní, "Kí ló dé? Ẹ̀yin náà ni wọ́n kọ́kọ́ jà lólè." Ó ní, "Ìyá aláta kọ́ ni ó jà mí lólè." Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Ìwà ibi tí a hù sí ènìyàn jẹ́ kí ó ní ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó hù ú. Kò fún un ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ẹni kẹta tí kò mọ ohunkóhun. Bí ó bá mọ ibi tí ẹni tí ó tà á fún un wà, kí ó lọ bá a. Ẹni náà tilẹ̀ lè sọ pé òun kò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, Tọ́máàsì Mímọ́ ní kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ó bá ti mọ̀, ó di dandan fún un láti dí àdánù náà. Àìmọ̀ kì í wẹ gbèsè nù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ó ní, bí òun bá dín owó kù díẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀ ńkọ́? Èyí yóò tó bí àbùkù náà kò bá kọjá ti owó. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ẹ̀dínwó san ẹ̀mí. Ẹni tí ó rà á ní ẹ̀dínwó láìmọ ìdí rẹ̀ yóò kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, yóò sì forí lé Ìbàdàn. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ó bá sì mọ̀, ìpinnu di tirẹ̀. Ó lè pààrọ̀ àpò méjì ẹ̀yìn, ó lè yọ gbogbo rẹ̀ kúrò kí ó fi sípírínì onírin sí i bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe láyé ọjọ́un, ó sì lè gbé owó rẹ̀ padà sílé. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé bí ó bá lè tún un ṣe dáadáa kí ó tó tà á, àrùn ti tán nìyẹn, kò sí ohun tí yóò máa kéde mọ́, àfi tí wọ́n bá bi í léèrè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá ní owó yẹn, òun ìbá ti fi san owó ilé-ìwé.

N kò gbọdọ̀ gbàgbé olùrà, nítorí pé ibi ìwàásù kì í ṣe ti olùtà nìkan. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ pé àpò kan péré ni ó là, tí wọn yóò sì máa pariwo lójú opó tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa mọ́tò pé ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ti kú, pé irin àlòkù ni, kí wọ́n lè gbà á ní ọ̀fẹ́. Ìwé Òwe nínú Bíbélì mọ irú àwọn olùrà bẹ́ẹ̀, ó sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbèsè tí ó wà lọ́rùn olùtà alárékérekè, òun náà ni ó wà lọ́rùn wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà padà wá. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó wá wo ọkọ̀ náà ti mú owó lọ́wọ́ wá. Ó ní òun jẹ́ kí ó wà á, òun jẹ́ kí ó yìn ín, lẹ́yìn náà ni òun wá sọ ohun gbogbo fún un. Ẹni náà dúpẹ́, ó tilẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì lọ, kò padà mọ́. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ẹnì kejì jẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó gbọ́, kò sì sá, ṣùgbọ́n iye tí ó pè fi bí ìdá mẹ́ta kéré sí ohun tí ọkùnrin náà ń retí, kò sì tó owó ilé-ìwé. Ó bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni bí òun bá dúró de ẹlòmíràn. Mo ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ìyàwó rẹ̀, tí ó bá a wá, kò sọ̀rọ̀. Ó wò mí ní ìwò kan tí ó fi hàn mí pé ó rọrùn fún Fadá tí kò ní ọmọ ní yunifásítì láti máa ka ìwé Tọ́máàsì Mímọ́ fún ènìyàn. N kò rí èsì fọ̀ sí ìwò náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, mo ń gbé Ara Kristi lọ fún aláìsàn kan ní àdúgbò wọn ní kùtùkùtù. Mo gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Jíìpù náà wà níbẹ̀, ìrì òwúrọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, ó rì sílẹ̀ ní ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, wọ́n sì fi páálí kan sí ojú gíláàsì iwájú tí wọ́n kọ iye owó sí. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú onílé, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, onílé ń fi ìka tọ́ka sí i. Wọn kò tíì ta ẹ́ńjìnnì jí.